Nínú àwọn ìwé ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ta ló fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ di èèyàn ńlá?

Àdùkẹ́Òǹkàwé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi nínú látìgbà tí ẹgbẹ́ òǹkàwé wa ti parí *Jane Eyre*, tí Charlotte Brontë kọ lọ́dún 1847. Gbogbo wa la dàgbà sínú "iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́". Wọ́n kọ́ wa, a há a sórí, a sì gbà á gbọ́. Àmọ́ bí mo ṣe ń ka àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò tíì rí ẹni tí oògùn náà jẹ́ fún.

Ẹ wo Jane fúnra rẹ̀. Ọmọ òrukàn ni, ilé ìwé àwọn aláìní ló ti jáde, ó wá gba iṣẹ́ olùkọ́ nílé Ọ̀gbẹ́ni Rochester ní Thornfield. Ibẹ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ ló ń jẹ, ọmọ kan ṣoṣo ló ń kọ́. £30 ni owó ọdún rẹ̀, ìlọ́po méjì ohun tó ń gbà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, arákùnrin bàbá rẹ̀ kú sí erékùṣù Madeira, ó sì fi £20,000 sílẹ̀ fún un. Mo jókòó ṣírò rẹ̀: bí Jane bá tọ́jú gbogbo owó £30 náà lọ́dọọdún, tí kò ra bàtà, tí kò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, yóò ṣiṣẹ́ ju 660 ọdún lọ kó tó kó £20,000 jọ. Ó pín owó ọ̀hún sí mẹ́rin, òun àtàwọn ìbátan rẹ̀ mẹ́ta, £5,000 péré ló kù sọ́wọ́ tirẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó láti sọ ọ́ di ẹni tí kò ní pe ẹnikẹ́ni lọ́gàá mọ́.

Ìbéèrè mi rèé. Ẹ fi ẹnì kan hàn mí nínú àwọn ìwé wọ̀nyí tó fi iṣẹ́ ara rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀, tó dókè, táwọn ará òkè sì fún un lá́yè jókòó. Ẹnì kan ṣoṣo.

Àlàó_Ọlọ́kọ̀

Captain Wentworth nínú *Persuasion*. Jane Austen ló kọ ọ́, ó jáde ní ìparí ọdún 1817 lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé náà ti kú.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: Anne Elliot jẹ́ ọmọ Sir Walter, ọkùnrin tó ń fi orúkọ oyè ìdílé rẹ̀ yangàn láàárọ̀ lálẹ́. Ọmọ ọdún 19 lọmọ náà nígbà tí Wentworth fẹ́ ẹ, ọ̀dọ́ ológun ojú omi tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Wọ́n ní kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn, wọ́n rọ ọmọbìnrin náà títí ó fi já a sílẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́jọ kí Wentworth tó padà dé. Ó ti di kápútẹ́nì, ó ti ní £25,000. Kò jogún rẹ̀, òun ló fi ara rẹ̀ wá a. Nígbẹ̀yìn ó fẹ́ Anne, bàbá ìyàwó sì gbà. Ẹni tẹ́ ẹ ní ká mú wá nìyẹn, ẹ̀gbọ́n.

Àdùkẹ́Òǹkàwé

Àlàó, o káre, ó sún mọ́ ọn gan-an. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká wo bí £25,000 yẹn ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Owó ìkógun ni. Lásìkò ogun Napoleon, bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá mú ọkọ̀ ọ̀tá, wọ́n á ta ọkọ̀ náà àti ẹrù inú rẹ̀, wọ́n á sì pín owó rẹ̀ bí ipò kálukú bá ṣe ga tó. Kápútẹ́nì nìkan á mú ìpín gidi. Àwọn atukọ̀, tí òmíràn nínú wọn jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fipá wọ́ ọ wọnú ọkọ̀, á wá jọ pín èyí tó kù sí ìsàlẹ̀, bíńtín ló sì máa ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ogun ló gbé Wentworth dókè. Ká ní kò sógun ni, ibi tó wà ni ì bá wà.

Ẹ tún wo ohun tó mú Sir Walter gbà. Ọkùnrin yìí ti sọ níbẹ̀rẹ̀ ìwé pé ohun tí òun kò fẹ́ nípa iṣẹ́ ológun ojú omi ni pé ó ń gbé àwọn tí a kò mọ ilé wọn dé ipò tí bàbá àti bàbá bàbá wọn kò lá rí. Nígbà tó wá di pé wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó, ó wo Wentworth dáadáa lójú ọ̀sán, ó rí i pé ó rẹwà, orúkọ rẹ̀ sì dùn lẹ́nu, ló bá mú kálàmù láti kọ ìgbéyàwó náà sínú ìwé àwọn olóyè. Ẹwà àti orúkọ! Kò dárúkọ ọdún mẹ́jọ tí ọmọ yẹn fi wà lórí omi.

Àlàó_Ọlọ́kọ̀

Mo gba ti owó ìkógun. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé Sir Walter náà ti jẹ gbèsè débi tó fi kó jáde nílé bàbá rẹ̀, tó sì fi ilé náà háyà fún Admiral Croft, ológun ojú omi bíi ti Wentworth, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Austen ń fi hàn wá pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ti ń wọlé, àwọn tó ń yangàn ti ń jáde. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

BàbáTíṣà

Àdùkẹ́ ọmọ mi, ìbéèrè rẹ dára. Ṣùgbọ́n kí o tó béèrè ẹni tó fi iṣẹ́ gòkè, kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún owó tó bá ti ara iṣẹ́ wá. Inú *Pride and Prejudice*, ọdún 1813, ló ti hàn jù.

Ọ̀gbẹ́ni Bingley tí gbogbo abúlé ń sáré tẹ̀ lé, níbo lowó rẹ̀ ti wá? Bàbá rẹ̀ ṣòwò níhà àríwá England, ó fi bí £100,000 sílẹ̀. Bàbá náà ní in lọ́kàn láti ra ilẹ̀ àti ilé ńlá, ikú kò jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń háyà Netherfield. Kò tíì ní ilẹ̀, kò tíì dé ibi tó ń lọ. Darcy ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní £10,000 lọ́dún, orí ilẹ̀ ló ti ń wá, ìṣákọ́lẹ̀ làwọn àgbẹ̀ ń san fún un ní Derbyshire, bí wọ́n ṣe san án fún bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń ṣe. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ní ti tòótọ́.

Àwọn tó yẹ kí o wò dáadáa ni àwọn ọmọbìnrin ilé Bingley. Owó ọjà ni wọ́n ń ná, òwò ni bàbá wọn fi tọ́ wọn, síbẹ̀ àwọn gan-an ni wọ́n ń fi Elizabeth Bennet, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ní arákùnrin ìyá tó ń gbé nítòsí Cheapside ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń tajà. Austen sọ ọ́ gbangba pé ipò tí wọ́n wà báyìí ni wọ́n ń rántí, pé òwò ló bí owó wọn kò wá sí wọn lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú gbogbo ìwé yìí nìyẹn. Wọn kò kórìíra owó iṣẹ́. Wọ́n kàn fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, kí òórùn òógùn kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ pálọ̀. Bàbá á ṣòwò, ọmọ á háyà ilé, ọmọ ọmọ á ra ilẹ̀, nígbà náà ni wọ́n á gbàgbé.

Sir William Lucas nínú ìwé kan náà kò ní sùúrù yẹn. Ọjà ló ń tà ní Meryton, ọba fi oyè sir dá a lọ́lá, ló bá ta ìdí sí ọjà, ó kó lọ sílé kan lẹ́yìn ìlú tó sọ ní Lucas Lodge. Owó kò tó mọ́. Ọmọ rẹ̀ Charlotte pé ọdún 27, kò ní nǹkan ìní, ó sì fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Collins tí Elizabeth kọ̀. Mi ò bá Charlotte wí rárá. Iṣẹ́ wo ló kù fún un?

Ṣadé_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ilé tí arákùnrin ìyá Elizabeth ń gbé, Gracechurch Street ni. Austen ní ibi tó ń gbé kò jìnnà sí ilé ìkẹ́rù rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tó o, ìyẹn ló sì jẹ́ àbùkù lójú wọn. Mo máa ń gba àdúgbò yẹn kọjá lọ síbi iṣẹ́. Báńkì àti ọ́fíìsì àwọn olówó ńlá ló kún ibẹ̀ lónìí. Owó ibẹ̀ ti pẹ́ tó báyìí, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ fi kún ti àwọn obìnrin. Ìbéèrè Àdùkẹ́ le fún wọn ju ti ọkùnrin lọ. Ọmọbìnrin márùn-ún ni Ọ̀gbẹ́ni Bennet, bàbá Elizabeth, bí, £2,000 ló ń wọlé fún un lọ́dún, ṣùgbọ́n ìwé ogún ilẹ̀ náà sọ pé ọkùnrin nìkan ló lè jẹ ẹ́. Ó bá kú lónìí, Collins, ìbátan rẹ̀ ọkùnrin, ló nilé. Obìnrin tó bá sì ní owó tirẹ̀ rí, tó bá ti wọlé ọkọ, owó náà di ti ọkọ lábẹ́ òfin. Ó di ọdún 1870 kí òfin tó kọ́kọ́ jẹ́ kí ìyàwó di owó iṣẹ́ ara rẹ̀ mú, ó sì di 1882 kó tó lè ní dúkìá tirẹ̀ bíi ti ọkùnrin. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ń ka Becky Sharp nínú *Vanity Fair* tí Thackeray kọ lọ́dún 1847 sí 1848. Bàbá rẹ̀ ń kọ́ni ní àwòrán, ìyá rẹ̀ jẹ́ oníjó ará Faransé, ilé ìwé ni wọ́n ti ń fi í kọ́ àwọn ọmọ olówó ní èdè Faransé kó lè rí ibi sùn. Ọgbọ́n orí àti ẹnu nìkan ló ní. Ó fi wọ́n dé iwájú ọba. Ó sọ níbì kan pé òun náà lè jẹ́ obìnrin rere bí òun bá ní £5,000 lọ́dún. Àwọn èèyàn máa ń bú u. Èmi gbà pé òótọ́ ló sọ.

ÌyáÀgbàỌ̀ṣun

Becky já ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀, Ṣadé. Ẹ jẹ́ ká má fi àìní bo ìyẹn.

Ṣadé_Lọ́ńdọ̀nù

Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ti ọmọ yẹn dùn mí, mi ò sì ní gbè é.

Kọ́lá_Manchester

Kí la ti ń ṣe láti àárọ̀ tí ẹnì kan kò tíì dárúkọ John Thornton? *North and South*, Elizabeth Gaskell, 1854 sí 1855. Ìlú tó pè ní Milton nínú ìwé náà, Manchester yìí ni.

Bàbá Thornton fi owó ta tẹ́tẹ́ ọjà, ó pàdánù, ó pa ara rẹ̀, ó fi gbèsè sílẹ̀. Ọmọ kúrò nílé ìwé, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ létí Margaret àti bàbá rẹ̀: ṣílè 15 ló ń wọlé lọ́sẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló ń jẹ nínú rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì rí i dájú pé ṣílè mẹ́ta ń wọ àpótí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yá ó san gbogbo gbèsè bàbá rẹ̀, ó di ọ̀gá ilé iṣẹ́ òwú. Kò sógun, kò sógún. Iṣẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́. Iṣẹ́ àti ìyá tó mọ owó í ná.

Margaret Hale, ọmọ àlùfáà láti gúúsù, kọ́kọ́ fojú tín-ín-rín rẹ̀ torí pé ó ń tajà. Ó gba àkókò kó tó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹ.

Àdùkẹ́Òǹkàwé

Kọ́lá, mo ti ń retí rẹ. Mo fẹ́ràn Thornton, mo fẹ́ràn ìyá rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n rántí ìparí. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ àti ọjà tó dẹnu kọlẹ̀ gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ṣílè mẹ́ta-mẹ́ta yẹn. Ó di ẹni tó fẹ́ gbé ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kó lọ máa ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì. Ta ló gbà á? Margaret. Ó ti jogún dúkìá Ọ̀gbẹ́ni Bell, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ni ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Thornton wà lórí rẹ̀. Ó wá mú ìwé jáde, ojú ń tì í, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní òun ní £18,057 tó kàn jókòó sí báńkì, èlé ìdá méjì ààbọ̀ péré ló ń mú wá, kí Thornton yá a.

£18,057 yẹn ni mo ń sọ láti àárọ̀. Gaskell fẹ́ kí iṣẹ́ ṣẹ́gun, mo rí i pé ó fẹ́ ẹ láti ọkàn rẹ̀ wá. Nígbà tó dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ogún ló tún ní láti ránṣẹ́ sí.

Kọ́lá_Manchester

Hmm. Mi ò wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ gbà pé ìgbéyàwó wọn kì í ṣe ti Darcy. Margaret ló lówó, òun ló ń yáni. Ọkùnrin tó ti là, tó tún ti bọ́ sílẹ̀ ni.

Ẹni tí mo máa ń rò jù nínú ìwé yẹn tilẹ̀ ni Bessy Higgins. Àtikékeré ló ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ti ń ya òwú. Ìdọ̀tí òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń fò nínú afẹ́fẹ́, wọ́n ń fà á símú, ó ń di ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Bessy ṣàlàyé fún Margaret pé àwọn ọ̀gá kan máa ń fi kẹ̀kẹ́ ńlá kan síbi ìparí yàrá láti fẹ́ ìdọ̀tí yẹn lọ, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ náà tó £500 tàbí £600, kò sì mú èrè wá, nítorí náà díẹ̀ ló ń rà á. Àwọn òṣìṣẹ́ kan gan-an kò fẹ́ ẹ, wọ́n ní gbígbé òwú mì ti mọ́ àwọn lára, ebi á túbọ̀ máa pa àwọn bí kò bá sí i mọ́. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó kú. Iṣẹ́ kò sọ òun di nǹkan kan.

Àyìnlá1861

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní England díẹ̀, torí àwọn ìwé náà ló mú un kúrò níbẹ̀. Ẹ to owó inú wọn jọ kẹ́ ẹ sì béèrè ibi tó ti wá. Ogún Jane Eyre, Madeira. Sir Thomas nínú *Mansfield Park* (1814) ní oko sí Antigua. Magwitch inú *Great Expectations* tí Dickens kọ là sí Australia. Pip alára, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, Cairo ló ti lọ ṣe akọ̀wé kó tó rí jẹ.

Rochester ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ọmọ kejì ni. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ pín ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ fún, kò sì fẹ́ kí àbúrò tòṣì kó má lọ ba orúkọ ilé jẹ́. Ó bá ránṣẹ́ sí Jamaica, ó fẹ́ Bertha Mason fún un pẹ̀lú £30,000. Jamaica ìgbà yẹn, ta ló ń ro oko níbẹ̀? Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ọdún 1833 ni ilé ìgbìmọ̀ wọn tó ṣòfin tó fòpin sí ẹrú níbẹ̀. Nítorí náà nígbà tí Àdùkẹ́ bá béèrè ẹni tó ṣiṣẹ́, ìdáhùn kan wà tí kò sí nínú ìwé náà. Àwọn tó ṣiṣẹ́ kò ní orúkọ níbẹ̀ rárá.

Ìwé *Great Expectations* parí nínú ìwé ìròyìn Dickens níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 1861. Ọjọ́ 6 oṣù yẹn ni Dosunmu fọwọ́ sí ìwé tó fa Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Epo pupa láti etíkun wa ń wọ Liverpool nígbà yẹn fún ọṣẹ àti fún ẹ̀rọ, aṣọ Manchester sì ń bọ̀ lọ́jà wa. A wà nínú ìtàn owó yẹn.

Àdùkẹ́Òǹkàwé

Ẹ̀gbọ́n Àyìnlá, ẹ ṣeun púpọ̀. "Àwọn tó ṣiṣẹ́ kò ní orúkọ." Mo fẹ́ ká padà sí Magwitch, torí lójú tèmi òun lẹni tó ṣiṣẹ́ jù lọ nínú gbogbo ìwé tá a dárúkọ.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: Pip jẹ́ ọmọ òrukàn tí Joe, alágbẹ̀dẹ, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń tọ́. Ó lọ sílé Miss Havisham, ọmọ apọntí olówó. Níbẹ̀ ni Estella ti wo ọwọ́ rẹ̀ tó le àti bàtà rẹ̀ tó nípọn, tó fi wọ́n ṣẹ̀sín, láti ọjọ́ náà ni iná ti ràn lára ọmọ yẹn. Lójijì lọ́yà dé, ó ní ẹnì kan tó fi ara pa mọ́ fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀tọ̀kùlú. Pip rò pé Miss Havisham ni. Ẹlẹ́wọ̀n tó fún lóúnjẹ nígbà tó wà lọ́mọdé ni, Magwitch, tí wọ́n kó lọ sí New South Wales, tó sin àgùntàn níbẹ̀ títí ó fi là. Ó sọ fún Pip pé òun jẹ ìyà kí Pip lè jẹ ìgbádùn, òun ṣiṣẹ́ àṣekára kí Pip má baà ṣiṣẹ́ rárá. Kí sì ni Pip ṣe? Ó kórìíra rẹ̀. Ó wo ọwọ́ tó kó owó náà jọ, ara rẹ̀ bù máṣọ.

Níwájú adájọ́ ńkọ́? Magwitch àti Compeyson jọ ṣẹ̀ ni, Compeyson gan-an lọ̀gá. Ṣùgbọ́n Compeyson wọ aṣọ dúdú, irun rẹ̀ ká, áńkáṣíìfù funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàwé. Ọdún méje ni wọ́n dá fún un. Wọ́n dá 14 fún Magwitch. Mo ka ojú ewé yẹn mo gbé ìwé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Òfin tún wá gba gbogbo owó rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ìjọba ló kó o.

BàbáTíṣà

Àti Trabb, télọ̀ ìlú wọn. Pip wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Trabb ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì, kò tilẹ̀ dìde fún ọmọ alágbẹ̀dẹ. Pip ní òun ti rí owó, òun fẹ́ rán aṣọ lọ Lọ́ńdọ̀nù. Trabb gbàgbé bọ́tà, ó nu ọwọ́ sára aṣọ tábìlì. Ọmọ kan náà ni, aṣọ kan náà ló ṣì wọ̀.

ÌyáÀgbàỌ̀ṣun

Mo ti ń ka gbogbo yín, ẹ káre. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹ̀ ń ka ìwé yẹn bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àtigòkè nìkan. Ohun tí Dickens ń sọ kọ́ nìyẹn. Ẹ ṣí orí tí Joe ti wá kí Pip ní Lọ́ńdọ̀nù. Joe wọ aṣọ tí kò bá a lára mu, kò mọ ibi tí yóò gbé fìlà sí, ó gbé e sórí etí ibi ìdáná, ó ń já bọ́, ó ń mú un, ó tún ń já bọ́. Ó ń pe ọmọ tó tọ́ ní "sà". Pip sọ fún wa kí Joe tó dé pé ká ní owó lè dá a dúró lọ́nà ni, òun ì bá san án. Joe rí gbogbo rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó sọ pé Pip kò ní rí àbùkù òun tó bẹ́ẹ̀ bó bá rántí òun nínú aṣọ iṣẹ́, pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, nínú ilé arọ. Ó gbé e kúrò lọ́rùn Pip, ó sì lọ.

Nígbà tí Pip dùbúlẹ̀ àìsàn, tí àwọn sìnkíni Lọ́ńdọ̀nù ti tú ká, ta ló wá tọ́jú rẹ̀? Ta ló san gbèsè rẹ̀? Owó alágbẹ̀dẹ ni, Àdùkẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ogún. Joe kò gòkè, kò sì kéré sí ẹnikẹ́ni nínú ìwé náà.

Àdùkẹ́Òǹkàwé

Mà, omijé bọ́ lójú mi níbẹ̀ yẹn náà. Mo gbà pé Joe ni èèyàn gidi inú ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Dickens alára kò dúró nídìí arọ. Ọmọ ọdún 12 ni lọ́dún 1824 nígbà tí wọ́n fi bàbá rẹ̀ sí Marshalsea, ẹ̀wọ̀n àwọn ajẹgbèsè, tí wọ́n sì fi ọmọ sí ilé iṣẹ́ Warren níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpara bàtà, ó ń lẹ bébà mọ́ ìgò. Ó fi ọ̀rọ̀ yẹn pa mọ́ ní gbogbo ayé rẹ̀, ó di ẹ̀yìn ikú rẹ̀ kí ayé tó gbọ́. Ilé ńlá Gad's Hill wà ní Kent tí bàbá rẹ̀ máa ń fi hàn án lọ́mọdé pé bó bá ṣiṣẹ́ gan-an ó lè gbé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọdún 1856 ló rà á, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 1870.

Kálàmù rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Ẹni tí mo ń wá láti àárọ̀ nìyẹn, kò sì fi irú ara rẹ̀ sínú ìtàn Pip. Pip ní láti kọ́kọ́ jìyà nítorí pé ó fẹ́ gòkè. Ẹni tó ti gun àkàsọ̀ dókè, tó wá ń kọ́ wa pé ìsàlẹ̀ dára, mo máa ń bi í pé kí ló dé tí kò padà.

ÌyáÀgbàỌ̀ṣun

Torí pé ó mọ ohun tó ná an, ọmọ mi. Ìtìjú tó fi pa mọ́ yẹn ló fi kọ ti Pip. Ẹni tí kò tíì tijú bàbá rẹ̀ rí kò lè kọ orí yẹn.

BàbáTíṣà

Ẹ̀yin méjèèjì ló sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹni tí kò gòkè wá, torí ìwé tirẹ̀ ni kò fi nǹkan kan bò. *Jude the Obscure*, Thomas Hardy, ọdún 1895.

Jude ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin kiri fún ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, ó ń gbé búrẹ́dì fún àwọn oníbàárà, ìwé Látìn ló sì là sórí itan rẹ̀, ẹṣin ń lọ fúnra rẹ̀. Ó kọ́ Látìn àti Gíríìkì fúnra rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ wọ yunifásítì Christminster, tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé Oxford ni. Ó kọ́ṣẹ́ agbẹ́kùúta kó lè máa rí jẹ. Ó dé ìlú náà, ó ń tún ògiri kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ògiri, kò lè wọnú rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì márùn-ún. Ẹnì kan ló dá a lóhùn. Ìlà díẹ̀ ni: níwọ̀n bó ti jẹ́ òṣìṣẹ́, á sàn fún un kó dúró láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kó sì di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mú. Lóru ọjọ́ yẹn, ó fi ẹfun tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń lò kọ ẹsẹ kan láti inú ìwé Jóòbù sára ògiri kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, pé òun náà lóye bíi tiwọn, òun kò kéré sí wọn.

Àdùkẹ́, wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kò ya ọ̀lẹ. Kò jalè. Kò tijú bàbá rẹ̀. Ó ṣe gbogbo ohun tí èmi olùkọ́ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ṣe. Ọmọ agbẹ́kùúta ni Hardy náà, Dorset ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1840, kò lọ yunifásítì. Lẹ́yìn *Jude* kò tún dá ìwé ìtàn àròsọ tuntun kọ mọ́, ewì ló kù tó ń kọ. Ọdún 1913 ni Cambridge wá fi oyè dá a lọ́lá.

Kọ́lá_Manchester

Bàbá, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìwé yẹn, ní 1899, ni wọ́n dá Ruskin sílẹ̀ ní Oxford fáwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ kàwé. Ó wà lẹ́yìn odi yunifásítì o, kì í ṣe inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú Jude ni wọ́n ṣe é fún.

Àlàó_Ọlọ́kọ̀

Ẹ ò mẹ́nu kan Heathcliff nínú *Wuthering Heights*. Wọ́n rí i lójú pópó ní Liverpool, ó lọ fún ọdún mẹ́ta, ó padà pẹ̀lú owó, ó bá Hindley, ọmọ ẹni tó gbé e wá sílé, ta tẹ́tẹ́, ó gba ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ ní ìdógò títí gbogbo rẹ̀ fi di tirẹ̀. Emily Brontë kò sọ ohun tó ṣe láàárín ọdún mẹ́ta yẹn. Bóyá iṣẹ́ ni.

Ṣadé_Lọ́ńdọ̀nù

Bó bá jẹ́ iṣẹ́, òǹkọ̀wé ì bá ti sọ.

Ẹnì kan tún kù, Leonard Bast nínú *Howards End* tí E. M. Forster kọ lọ́dún 1910. Àwọn òbí òbí rẹ̀ jẹ́ lébìrà oko, òun ti di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ adójútòfò, ó ń kàwé lálẹ́, ó ń lọ gbọ́ orin Beethoven. Olówó kan ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ máa wó, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ kò wó, iṣẹ́ tuntun tó lọ sì dá a dúró. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, pẹpẹ ìwé ló wó lù ú. Ìwé tó rò pé yóò gbé òun dókè! Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀, tí kò mọ̀ ọ́n rí, ni wọ́n fẹ́ fi ilé Howards End jogún fún.

Àdùkẹ́Òǹkàwé

Ogún náà tún nìyẹn, Ṣadé. Láti 1813 títí di 1910.

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti fi *Jude* síwájú ẹgbẹ́ wa fún oṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì gbà. Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí i lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ka lẹ́tà olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn sókè fáwọn ọ̀dọ́ tó wà láàárín wa, ká sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa kọ padà sí i.